Kẹ́ẹ̀gì Abẹ́ Ẹsẹ̀ Màmá

Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ara rẹ̀, ooru sì bò ó lójú bí ẹni tó kánjú ṣí ìkòkò. Ìyá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀, ó ń kọrin. Kí wọ́n tó délé ni màmá máa sọ bóyá òun gbà á ní àna.

"Dẹ́rẹ́bà, kí ló ṣe é?" Màmá ké sí i láti inú ọkọ̀.

"Páǹpù ni, mà. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ò mọṣẹ́."

"Hítà ńkọ́? Nínú ọyẹ́ yìí, òtútù ló ń fẹ́ sí mi lójú."

"Ìyẹn... wáyà ni, mà."

Màmá pàtẹ́wọ́, ó gbé e lórin: "Ẹ́ńjìnnì ń jóná, hítà ń gbọ̀n, dẹ́rẹ́bà ń ṣàlàyé o!"

Mẹkáníìkì yọjú wo rédíétọ̀, ó ti gbẹ. Omi rédíétọ̀ ló ń mú hítà gbóná. Láàárọ̀ ló ti da omi náà nù, kó lè fọ rédíétọ̀ mọ́ nítorí màmá. Kò rántí bu òmíràn sí i. Ó lè sọ pé rédíétọ̀ ló jò. Ta ni yóò mọ̀?

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Mà, irọ́ ni mo ń pa. Èmi ni mo gbàgbé omi."

Màmá rọra gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí kẹ́ẹ̀gì omi tí mẹkáníìkì ti pọn sílẹ̀ fún rédíétọ̀, tó sì gbàgbé sínú ọkọ̀. Orí kẹ́ẹ̀gì náà ló tẹsẹ̀ lé látìgbà tí wọ́n ti gbéra.

"Dìde jàre, àna mi. Omi rẹ rèé, ẹsẹ̀ ti ń dùn mí."