Ta Ni Ọkọ Mi Ń Bẹ̀?

Ọkọ mi ń bẹ ẹnì kan nínú balùwẹ̀.

Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà: "Jọ̀ọ́, má bínú."

Ọdún mọ́kànlá tá a ti fẹ́ra, kò bẹ̀ mí rí!

Ó di Ọjọ́bọ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ó fín lọ́fínńdà. Mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn dé yunifásítì.

Mo yọjú lójú fèrèsé yàrá tó wọ̀. Obìnrin kan ló kọjú sí. "Jọ̀ọ́, má bínú. Àmọ́ ìwọ náà..."

Mo ti gbá ọ̀já mọ́dìí.

Obìnrin náà ní, "Ẹ yọ 'àmọ́' kúrò, sà. Ẹ̀bẹ̀ tó bá ní 'àmọ́' nínú, ìjà ni. Ẹ̀yin ọkọ yòókù, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín."

Mo sáré ṣíwájú ẹ̀ délé.

Ó wọlé. "Ìyá Ìbejì, má bínú."

Mo ń retí 'àmọ́'.

Mo rí i tó gbé e mì.