Àdúrà Tí Kò Lórúkọ

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé òkú bàbá apẹja kan kúrò ní ilé àánú, níbi tí ìjọ ń tọ́jú aláìsàn sí. Wọ́n ká ẹní rẹ̀, wọ́n fi ti ògiri ní kọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, Fẹ̀hìntọlá àti Adéwùsì, àbúrò rẹ̀ tí ibà dá dùbúlẹ̀, nìkan ló kù níbẹ̀.

Ìyá Àdúrà tó ń ṣàkóso ilé náà ti kìlọ̀ fún Fẹ̀hìntọlá kó tó lọ sílé: “Bí o bá ń gbàdúrà fún àbúrò rẹ, dárúkọ rẹ̀, kí o sì dárúkọ ìyá rẹ̀. Àdúrà tí kò bá lórúkọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ ló ń gbà á.”

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ara Adéwùsì tún gbóná bí ààrò. Fẹ̀hìntọlá kúnlẹ̀, ó dijú, ó ké: “Olúwa, gbé aláìsàn inú ilé yìí dìde!”

Ìgbà tó dákẹ́ ló rántí pé òun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Nǹkan kan ń dún pàràpàrà, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ́ ẹní. Ó rò pé àbúrò òun ló ń yíra padà, ó nawọ́ kàn án. Adéwùsì kò mira rárá. Òórùn ẹja tútù ti gba inú ilé.

“Adéwùsì ni mo wí,” ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “Adéwùsì ọmọ Ojúọlápé.”

“Àmín,” ohùn àgbàlagbà kan dáhùn láti kọ̀rọ̀. “O ṣeun, ọmọ mi. Wá fà mí dìde.”