Táńkà Tí Kò Rí Ọ̀nà Wọlé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀, ẹ fetí sí mi. Ilé epo kan ṣoṣo ló wà ní Ìdí-Ìyeyè, ti Múfútàù ni. Kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ ńlá kankan. Owó kòkó ló fi kọ́ ọ, orúkọ ìyá rẹ̀ ló sì kọ síwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ọmọ dáadáa ni Múfútàù. Ó ń kí àgbà, ó ń rẹ́rìn-ín síni. Àléébù kan ló ní: bó bá ti rí èrè lókèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà tó wọ ilé epo náà tóóró. Àárín àtẹ àwọn obìnrin ló gbà kọjá: Ìyá Ṣùbúọlá tó ń din dùndú, oníṣu, àti ẹni tó ń ta òkìrìkà. Epo bẹntiróòlù àti iná kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́. Nítorí náà, bí táńkà bá ti yọ lókè, ariwo á ta: "Ẹ kó àtẹ o! Táńkà Múfù ti dé!" Wọ́n á bomi pa iná, wọ́n á gbé agbada, wọ́n á palẹ̀ iṣu mọ́. Bí táńkà bá ti já epo tán, tó lọ, wọ́n á tún ọjà wọn tò. Kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọmọ wọn ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò kéde pé owó epo ti lọ sókè. Ẹni tó ń kéde kò tíì mí tí Múfútàù ti gorí àkàbà, ó ń yí iye owó ara pátákó padà. Bẹ́ẹ̀, epo tó wà nínú ilẹ̀, owó àtijọ́ ló fi rà á o! Sàídátù ìyàwó rẹ̀ di àkàbà mú nísàlẹ̀.

"Bàbá Kàfáyà, kí lẹ máa sọ fún wọn?"

"Màá ní epo tuntun ni. Ta ló máa bẹ inú ilẹ̀ wò?"

Ìyá Ṣùbúọlá ló kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì dé. Ó wo pátákó, ó wo Múfútàù.

"Múfù, kí ló dé sí owó yìí?"

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Epo tuntun ni. Àná ni táńkà já a."

"Àná kẹ̀?" Ìyá Ṣùbúọlá gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. "Àná tí mo jókòó sídìí iná látàárọ̀ títí wọ́n fi kírun alẹ́? Ta ló gbé agbada mi kúrò lọ́nà? Àbí táńkà ti ń fò?"

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Múfútàù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ìtìjú kò sì jẹ́ kó tún gun àkàbà lọ dá owó náà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ṣùbúọlá sanwó, ó gbé epo rẹ̀. "Ó dáa. Epo tuntun. A ti gbọ́." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kí i bí ẹni ń kí àlejò.

Nígbà tó yá, epo inú ilẹ̀ tán. Múfútàù kó gbogbo owó tó ní láyé, ó fi ra òmíràn. Táńkà dé lọ́sàn-án, ó fun fèrè. Kò sẹ́ni tó dìde. Iná ń jó, dùndú ń hó.

"Ẹ kó àtẹ o!" Múfútàù pariwo. "Táńkà ti dé!"

"Táńkà wo?" oníṣu dá a lóhùn. "Ṣebí tiyín kì í gba ojú ọ̀nà mọ́. Ẹ ní kó gba ibi tí táńkà epo tuntun yín ìjọsí gbà!"

Dírẹ́bà yọrí síta. "Alhaji, mi ò lè gbé epo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná o. Bí ọ̀nà ò bá là, màá ṣẹ́rí padà. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Múfútàù wo táńkà, ó wo iná. Ìyá Ṣùbúọlá yìí ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó rìn lọ síwájú agbada, ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun.

"Ìyá mi, irọ́ ni mo pa. Táńkà kankan ò wọlé. Epo àtijọ́ ni mo tà lówó tuntun."

Ìyá Ṣùbúọlá yí dùndú kan padà kó tó gbójú sókè. "A mọ̀. A kàn ń dúró kí ìwọ náà sọ ọ́ ni. Dìde, o ti fi aṣọ gbálẹ̀ tán. Ẹ bomi pa iná, ẹ̀yin ará! Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa gbé agbada mi lónìí."

Múfútàù fi àkísà di agbada mú, ó gbé e, òróró ta sí i láṣọ. Ẹ̀rín àwọn obìnrin ọ̀hún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo fèrè táńkà mọ́lẹ̀. Táńkà wọlé, ó já epo. Kílẹ̀ tó ṣú, Múfútàù ti bu epo ọ̀fẹ́ fún gbogbo ẹni tó rẹ́ jẹ. Láti ìgbà náà, bí rédíò pariwo títí, Múfútàù kì í gun àkàbà lọ yí owó padà àfi bí wọ́n bá kó àtẹ fún táńkà. Bí epo bá wọ́n, bó sì gbọ̀pọ̀, ojú gbogbo ayé ni.

Ẹ̀yin ọmọ mi, èrè kánkán lè wọ àpò, ṣùgbọ́n ìfọkàntán àwọn èèyàn ló ń la ọ̀nà kí ọjà tó wọlé. Ẹ má tà á láé, ẹ ò ní rí i rà padà lówó pọ́ọ́kú. Àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Ti Múfútàù ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Ìdí agbada dùndú ni òtítọ́ jókòó sí, tó ń dúró dè é.