Omi Àgọ́

Nígbà tí Fadérera jí nínú àgọ́, ó bá ọmọ-ọmọ rẹ̀, Tiwalolú, tó ń mu omi tí àgọ́ fi èémí àti òógùn àwọn méjèèjì ṣe mọ́jú.

"Òógùn abíyá mi lò ń mu yẹn."

"Ó dùn, Màmá Àgbà."

Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan adágún tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì aṣálẹ̀ náà, ṣùgbọ́n torí kí ọmọ yìí lè tọ́ omi gidi wò lẹ́ẹ̀kan láyé ni ìyá àgbà ṣe mú un wá. Nígbà tí àwọn méjèèjì dé etí adágún náà, ìyá àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi fún un. Tiwalolú tu ú dànù.

"Kò lóòórùn ènìyàn rárá," ló wí. Ó ń fi aṣọ nu ahọ́n bó ti ń sáré lọ sí àgọ́ kejì tó wà nítòsí tiwọn, kí bàbá onírùngbọ̀n kan tó wà níbẹ̀ lè fún un ní omi àgọ́ tiẹ̀ mu.