Ẹni Tó Ń Ka Ìṣísẹ̀ ní Umuojiaku

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1961, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Umuojiaku, Uzochukwu sì fi òjò náà bojú láti yí ààlà oko padà. Igi akòko, tí à ń fi ewé rẹ̀ joyè lọ́dọ̀ tiwa, ni wọ́n fi ń pààlà níbẹ̀. Wọ́n ní Ojiaku tó tẹ ìlú náà dó ló fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti odò dé orí òkè, tó ń gbin akòko bó ti ń lọ. Ilẹ̀ Uzochukwu kò tó bọ́ ọmọ mẹ́fà mọ́. Ó hú akòko kan, ó tún un gbìn sínú oko opó àbúrò rẹ̀.

Bí ilẹ̀ ti ń ṣú, ó gbọ́ ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀ bọ̀ láti odò. Bàbá arúgbó kan ni. Òjò ń rọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbẹ.

"Ọmọ mi, ta ló gbin èyí síbí?"

"Ibẹ̀ ló wà látijọ́, bàbá wa."

"Àtijọ́ wo? Ṣé èyí tí mo wà níbẹ̀?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò fọwọ́ kan igi náà. Ó yà sínú oko Uzochukwu, ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ lọ títí dé ìpẹ̀kun. Kò sí ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Níbi tó bá ti tẹ̀, akòko tútù ló ń hù.

Gbogbo ilẹ̀ iṣu tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ti bọ́ sọ́wọ́ opó náà.