Rédíò Ọkọ̀ Tíṣà Ọládòṣù

Rédíò gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ Tíṣà Ọládòṣù lọ́jọ́ Sátidé yẹn kí àwọn àna tó dé, nítorí Tíṣà ti sọ fún wọn pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí òun ti ra ọkọ̀. Alárinà ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Awo, ìlú àwọn àna, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ni Tíṣà fi ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀.

Bàbá Adéwálé, bàbá ọkọ ìyàwó, ti ní òun kò ní bá ọmọ òun fẹ́ ọmọ tíṣà tí ìjọba dá dúró, tí yóò máa wá tọrọ ìrẹsì lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ló jẹ́ kó gbà láti wá fojú ara rẹ̀ rí ilé wọn. Bí kò bá gbọ́ rédíò, Fọláṣadé, ọmọ Tíṣà, ò ní ọkọ nìyẹn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fàsílátù. Rìwáyà ni, iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe, òun àti Fọláṣadé sì ti jọ ń ṣeré láti kékeré.

"Ẹ gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, bàbá," Fàsílátù sọ.

"Epo wo ni kí n fi gbé e?" Tíṣà dáhùn.

Àwọn ológun tó ń ṣèjọba ní epo bẹntiróòlù pọ̀ bí omi. Bóyá omi ẹ̀rọ ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí ìyẹn náà ò yọ mọ́. Ewúrẹ́ ló ń sùn nílé epo tó wà lójú títì. Fàsílátù gbé àpò irinṣẹ́, ó tẹ̀lé Tíṣà lọ sílé rẹ̀ ní Ẹdẹ.

Fọ́kísíwájìn ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá. Tíṣà ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó ti fi òróró pa táyà rẹ̀ lára títí tó fi ń dán. Ìdí ọkọ̀ náà gbé sókè bí adìyẹ tó ń mu omi.

"Kí ló ṣe ìdí ẹ̀, bàbá?"

"Sípíríǹgì tuntun ni."

Fàsílátù kí i kú oríire. Lásìkò tí àwọn èèyàn ń fi okùn so ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹni tó ra sípíríǹgì tuntun yẹ ní kíkí.

Tíṣà fúnra rẹ̀ lọ gbé bátìrì jáde nínú yàrá. Ó ní nítorí olè ni òun ṣe ń gbé e sùn. Wọ́n gbé e sábẹ́ àga ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì ìjàpá máa ń wà. Fàsílátù fa wáyà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó lu ihò fún eriali, ó ki rédíò bọ àyè rẹ̀. Àlòkù ni rédíò náà, ìyàwó Tíṣà ló rà á.

Ìyá Ṣadé yìí ló ni ẹ̀rọ kan ní Sekona, tó ń bá àwọn ará ibẹ̀ lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí. Òun ló ń bọ́ ilé látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Jálá epo kan tó bá rí rà lábẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ló ń gbé e lọ fún.

"Tí àwọn àna bá dé," Tíṣà sọ fún un, "ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ ti ẹnu yín jáde."

"Ẹ̀rọ yẹn náà ló ra rédíò tí ẹ fẹ́ fi ṣe fáàrí, Bàbá Ṣadé."

"Mo mọ̀. Èmi náà ti ṣe é lóore rí."

Fàsílátù ní kí wọ́n ṣíná sí ọkọ̀ kí òun wò ó bóyá bátìrì ń gba iná. Tíṣà ní ìwọ̀nba epo tó kù, ọjọ́ àìsàn ni òun tọ́jú rẹ̀ sí. Fàsílátù ní kó ṣí ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì ìjàpá máa ń wà. Tíṣà ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ ti sọnù. Fàsílátù fi í sílẹ̀. Rédíò sáà ti ń sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Adéwálé wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti alárinà, eruku dé wọn lórúnkún.

"Mọ́tò tèmi wà nílé," ó sọ. "Ó ń gbààwẹ̀."

Wọ́n jẹun, wọ́n kí Fọláṣadé, lẹ́yìn náà gbogbo wọn há ara wọn mọ́ inú ìjàpá láti gbọ́ ìròyìn. Tíṣà yí rédíò. Ohùn kan jáde, ó ní epo ti kún gbogbo ilé epo lórílẹ̀-èdè yìí, kí aráàlú yéé pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń jó lórí sípíríǹgì tuntun.

"Rédíò yìí dára, àna mi," Bàbá Adéwálé sọ, ó ń nu ojú. "Irọ́ ẹ̀ ń dún ketekete. Ilé tó bá ní irú èyí, kò ní wá tọrọ ìrẹsì. Mo gbà."

Ó wá ku kí wọ́n sìn wọ́n. Àna tó ní mọ́tò kì í jẹ́ kí àna rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn, kálukú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ń wo ilẹ̀.

"Ẹ má fi epo yín ṣòfò nítorí wa," Bàbá Adéwálé sọ.

Tíṣà gbé orí sókè. "Ká má rí i. Ẹ wọlé, kí n gbé yín dé Awo."

"Rárá o."

"Mo bẹ̀ yín, àna mi. Ojú ń tì mí."

Bí wọ́n ṣe ń kọ̀ ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń le sí i. Ó bẹ̀ wọ́n dé ojú títì. Fàsílátù ò rí ẹni tó lawọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Gàrí ni wọ́n fẹ́ fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó lọ gbà á ní Sekona. Ìyá Ṣadé bu gàrí kún àpò fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má yọjú sẹ́yìn abà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké. Fàsílátù yọjú.

Fọláṣadé ti wà nílé ọkọ ní Awo báyìí, rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú ìjàpá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Tíṣà ní Ẹdẹ, ẹ́ńjìnnì ìjàpá náà sì wà ní Sekona, níbi tó ti ń lọ ẹ̀gẹ́ láti ọdún tí ìjọba ti dá Tíṣà dúró.