Kílò Méjìlélọ́gọ́ta

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni Baba Télọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé ìdárayá tó wà lẹ́yìn báǹkì. Obìnrin tó ń kọ́ wọn níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Kóòṣì, rò pé wọ́n ṣìnà ni.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?"

"Mo fẹ́ lè gbé èèyàn nílẹ̀, kí n gbé e jókòó sórí àga. Kílò méjìlélọ́gọ́ta."

"Ta nìyẹn?"

"Ìyá àwọn ọmọ mi. Balùwẹ̀ wa ń yọ̀."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. "Ìfẹ́ àgbà nìyí. Ẹ fọkàn balẹ̀, a máa gbé Màmá."

Dídìde lórí àga láìfọwọ́ti nǹkan kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta péré, ẹsẹ̀ Bàbá ti ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló kan àpò iyanrìn: kílò márùn-ún, mẹ́wàá, ogún.

"Orúnkún ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn," ni Kóòṣì ń wí ṣáá.

Bàbá kò pa ọjọ́ kan jẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú. Oúnjẹ ń wọlé, oorun ń dùn mọ́ wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin níbẹ̀ sọ wọ́n ní Àgbà-ò-gbó.

"Ẹ mú Màmá wá lọ́jọ́ kan, kí wọ́n wá wòran yín," Kóòṣì ní.

"Wọn ò lè rìn débí." Bàbá tún tẹ orúnkún, wọ́n gbé àpò náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọmọ wọn obìnrin wá mú wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àpò náà pé kílò méjìlélọ́gọ́ta. Bàbá fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n rọra gbé e jókòó sórí àga. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá kò fi àpò sílẹ̀. Wọ́n gbé orí lé e, èjìká wọn ń mì.

Kóòṣì yíjú sí ọmọ náà. "Ẹ bá mi kí Màmá. Bí wọ́n bá tún ṣubú, Bàbá á gbé wọn."

"Ó ti lé lọ́dún kan tá a ti sin Màmá," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́, "ọ̀sán ni wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, Bàbá fà wọ́n títí, apá wọn ò ká a, ni Bàbá bá jókòó tì wọ́n lórí ilẹ̀ tútù yẹn títí mo fi ti ibi iṣẹ́ dé."